ÌYÁ MARY TÍ WỌ́N KÓ ÌKÒKÒ WÀRÀ LỌ́WỌ́ RẸ̀: Ìtàn Frances Ellen Watkins Harper (1825–1911)

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, ní gbogbo àyájọ́ ẹgbẹ́ la máa ń kọ ìtàn obìnrin kan tó ti kú, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò kú. A ti kọ ti Ìyálóde Ẹfúnṣetán, a ti kọ ti Madam Tinúubú, a sì ti kọ ti Ìyá Ransome-Kuti tí àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta tẹ̀lé. Lọ́dún yìí mo ní kí n mú wa sọdá òkun díẹ̀. Akéwì ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Orúkọ rẹ̀ ni Frances Ellen Watkins Harper.

Nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀ nípàdé ìgbìmọ̀, àwọn kan bi mí pé kí ló kan akéwì nínú ọ̀rọ̀ ọjà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́ tán ná. Ẹni tó bá ti ṣe bọ́tà tà rí, tí ọkọ rẹ̀ kú, tí wọ́n sì wá kó ìkòkò tó fi ń ṣòwò lọ, ṣé ọ̀rọ̀ ọjà kọ́ nìyẹn ni?

Ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1825 ni wọ́n bí i ní ìlú Baltimore, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ní ayé ìgbà yẹn, òwò ẹrú ṣì wà ní Maryland. Wọ́n ń ta èèyàn dúdú bí ẹní ta ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn dúdú kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, irú wọn ni òbí Frances. Òmìnira ọ̀hún kì í kúkú ṣe òmìnira gidi. Wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, bí wọ́n bá sì ń rìn láìsí ìwé òmìnira lọ́wọ́, wọ́n lè mú wọn bí ẹrú tó sá.

Kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ tó fi di ọmọ òrukàn. Kò lẹ́gbọ̀n-ọ́n, kò lábùúrò. Ẹbí rẹ̀ kan, Àlùfáà William Watkins, àti ìyàwó rẹ̀, Henrietta, ni wọ́n gbà á tọ́. Bàbá yìí kì í ṣe ẹni kékeré. Ó ń ran bàtà, ó ń wàásù, ó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, ó sì ti dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ dúdú láti ọdún 1820. Nígbà tí àwọn òyìnbó kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n máa kó àwọn dúdú tó ti gba òmìnira lọ sí Làìbéríà, Bàbá Watkins wà lára àwọn tó ta kò wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni Frances ti kọ́ bí a ṣe ń kàwé, bí a ṣe ń kọ ọ́, àti bí a ṣe ń dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ kí ohùn má gbọ̀n.

Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ilé ẹ̀kọ́ parí, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó lọ di ọmọ ọ̀dọ̀ nílé òyìnbó kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìwé ní Baltimore. Ó ń ránṣọ, ó ń tọ́jú ọmọ wọn. Bí iṣẹ́ bá dilẹ̀, wọ́n gbà á láyè kó mú ìwé èyíkéyìí tó bá wù ú kó kà á. Ẹ̀yin tí ọmọ ọ̀dọ̀ wà lọ́dọ̀ yín, ẹ gbọ́ o. Ibẹ̀ ló ti ka ìwé tí ọ̀pọ̀ ọmọ olówó kò kà, ibẹ̀ náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ewì. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́ fi jáde, ìwé pélébé kan tó pè ní Forest Leaves. Ẹ fi orúkọ ìwé yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ní 1850 ó kúrò ní Maryland, ó lọ sí ìpínlẹ̀ Ohio tí kò sí òwò ẹrú, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ aṣọ rírán ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Union Seminary. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe tíṣà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún ṣe tíṣà ní Pennsylvania. Kí n sòótọ́, iṣẹ́ tíṣà kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọmọ pọ̀ nínú kíláàsì, ariwo pọ̀, ọkàn rẹ̀ sì wà níbòmíràn.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nígbà náà tó yí ayé rẹ̀ padà. Ní nǹkan bí ọdún 1853, ìpínlẹ̀ Maryland ṣe òfin kan. Òfin náà ní bí dúdú kan, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ òmìnira, bá ti apá àríwá wọ Maryland, wọ́n lè mú un kí wọ́n sì tà á sóko ẹrú. Ẹ rò ó wò. Ìlú tí wọ́n bí Frances sí, kò ní lè fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan tí kò gbọ́ nípa òfin yìí wọ ibẹ̀, wọ́n mú un, wọ́n tà á sí Georgia. Ó sá. Ó fara pa mọ́ sẹ́yìn ibi tí táyà omi ọkọ̀ ojú omi wà, ó fẹ́ bá ọkọ̀ náà lọ sí àríwá. Kó tó débẹ̀, wọ́n rí i, wọ́n dá a padà. Ìyà tó jẹ nínú òtútù àti omi ló pa á. Frances kò mọ ọkùnrin náà rí o. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, òun ti yá ara òun sọ́tọ̀ fún ìjà lórí ọ̀rọ̀ ẹrú. Ó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀.

Ó dé Philadelphia, ó ń gbé nílé tí àwọn ẹrú tó sá máa ń gbà kọjá lọ sí Kánádà. Ẹni tó ń darí ètò náà níbẹ̀ ni ọkùnrin dúdú kan, William Still, akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn tó sá lọ́wọ́. Gbogbo ẹni tó bá gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá ló ń kọ orúkọ rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tún tọ́jú àwọn lẹ́tà tí Frances kọ sí i. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ la fi mọ ọ̀pọ̀ ohun tí mò ń sọ yìí. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé mọ iyì irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, bí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yìí bá tilẹ̀ ń fi ìwé mínítì dì ẹ̀pà.

Oṣù kẹjọ ọdún 1854 ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní gbangba, ní ìlú New Bedford, ní Massachusetts. Nígbà náà, kí obìnrin dìde níwájú ọkùnrin àti obìnrin kó máa sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn kà á sí ìwà àìnítìjú. Kí ó wá tún jẹ́ obìnrin dúdú, ìyẹn ré kọjá. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n sì ní kó tún wá. Ẹgbẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Maine gbà á síṣẹ́ pé kó máa lọ káàkiri láti sọ̀rọ̀ ta ko òwò ẹrú. Láàrín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sọ̀rọ̀ ní ìgbà 33 ní ìlú 21. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà márùn-ún márùn-ún, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn. Nínú òtútù sì ni o.

Ọdún 1854 yìí kan náà ni ìwé rẹ̀ kejì jáde ní Boston, Poems on Miscellaneous Subjects. Bó bá ti sọ̀rọ̀ tán níbì kan, á pàtẹ ìwé náà, á sì tà á fúnra rẹ̀. Láàrín ọdún mẹ́ta, ó ta bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ewì rẹ̀ kì í ṣe ewì tí èèyàn máa wá ìwé atúmọ̀ kí ó tó yé e. Ìyá tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ ọjà ẹrú, obìnrin tó gbọ́mọ pọ̀n sá kọjá odò dídì, ayaba inú Bíbélì tí wọ́n ní kó wá ṣe fààjì níwájú àwọn ọ̀mùtí tó sì kọ̀, irú àwọn èèyàn wọ̀nyí ló ń kọ nípa wọn. Bí o bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, o ti mọ ibi tó ń lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ọjọ́ iwájú bẹnu àtẹ́ lù ú pé ewì náà rọrùn jù. Èmi kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ ọ́ fún kò mọ̀wé kà, etí ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ.

Owó tó ń rí níbi ìwé àti ọ̀rọ̀ sísọ, ó ń fi ránṣẹ́ sí Still láti fi ran àwọn tó sá lọ́wọ́. Bí Still bá ní kó rọra, kó fi díẹ̀ pa mọ́ fún ara rẹ̀, kì í gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ, ẹ súnmọ́ mi níbí. Òwú tí wọ́n fi ń hun ọ̀pọ̀ aṣọ ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ẹrú ló ń gbìn ín, ẹrú ló ń já a. Ìrẹsì àti ṣúgà náà ńkọ́? Bákan náà. Àwọn kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọn kì í ta ohunkóhun tí ẹrú fọwọ́ kàn, kìkì èyí tí òṣìṣẹ́ tó gbowó iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Aṣọ ibẹ̀ wọ́n ju ti ibòmíràn lọ, kò sì jọ̀lọ̀ tó. Frances ní òun á san owó náà. Ó ra èyí tó le lára, ó wọ̀ ọ́, ó tún kọ ewì lé e lórí. Ohun tó rí, tí ọ̀pọ̀ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kò rí, ni pé kì í ṣe ìwà ìkà nìkan ló gbé òwò ẹrú dúró, èrè ni. Àwọn tó ń sunkún nítorí ẹrú nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn náà ló ń ra ṣúgà rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó bi wọ́n léèrè bóyá òwò náà á lè pẹ́ bí kò bá sí oníbàárà. Ontajà ni mí láti ọgbọ̀n ọdún, n kò tíì gbọ́ ìbéèrè tó kan ọjà tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu akéwì.

Ní 1858, ó wọ ọkọ̀ èrò kan ní Philadelphia. Wọ́n ní kó lọ jókòó sí igun kan, níbi tí wọ́n ń fi dúdú sí. Kò dìde. Ó jókòó síbi tó wà títí ọkọ̀ fi gbé e débi tó ń lọ. Nígbà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ó na owó ọkọ̀ sí i, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ní òun kò gbà á. Ó ju owó náà sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ ò rí i pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀fẹ́ lòun wọ̀? Ọdún 97 ṣáájú Rosa Parks tí gbogbo ayé mọ̀ nìyẹn.

Lọ́dún kan lẹ́yìn èyí, òyìnbó kan tó ń jẹ́ John Brown gbé ìbọn láti fi dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní Harpers Ferry. Wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un. Nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún ọ̀rọ̀ náà, Frances lọ jókòó ti ìyàwó ọkùnrin náà ní Philadelphia fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n jọ ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa so ọkọ rẹ̀ kọ́. Kò ṣe ju pé ó jókòó tì í lọ. Ẹni tó bá ti ṣọ̀fọ̀ rí mọ̀ pé ìyẹn pọ̀. Ọdún yẹn náà ni ìwé ìròyìn àwọn dúdú kan gbé ìtàn kúkúrú kan tó kọ jáde, lórí àwọn obìnrin ìbátan méjì tí ọ̀kan lọ́kọ tí ọ̀kan kò lọ́kọ. Àwọn onímọ̀ ní òun ni ìtàn kúkúrú àkọ́kọ́ tí obìnrin dúdú Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde.

Ó wá lọ́kọ. Oṣù kọkànlá ọdún 1860, nígbà tó pé ọmọ ọdún márùndínlógójì, ó fẹ́ Fenton Harper, ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú tó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Owó tí Frances ti kó jọ níbi ìwé títà àti ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n fi ra oko kan nítòsí ìlú Columbus, ní Ohio. Akéwì di àgbẹ̀. Ó ń tọ́ ọmọ tó bá nílé ọkọ, ó bí tirẹ̀ ní 1862, wọ́n sọ ọ́ ní Mary. Láti ibí lọ, Ìyá Mary ni màá máa pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa pè é bó bá jẹ́ pé ọjà tiwa ló ti ń tajà. Ó sì ń tajà lóòótọ́. Ó ń fún wàrà màlúù, ó ń gbo ó di bọ́tà, wọ́n sì ń kó bọ́tà náà lọ tà lọ́jà Columbus.

Oṣù karùn-ún ọdún 1864, Fenton kú lójijì. Ó jẹ gbèsè sílẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí nìyí. Lójú òfin ìgbà náà, oko yẹn àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ti ọkọ ni. Owó ta ni wọ́n fi rà á, òfin kò béèrè. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí wọ́n sin ọkùnrin náà tí ẹni tí kóòtù yàn lé ogún rẹ̀ lórí fi dé, tó ní òun ń kó ẹrù láti san gbèsè. Wọ́n kó ìkòkò tó ń da wàrà sí. Wọ́n kó ọpọ́n tó fi ń fọṣọ. Kò ní bẹ́ẹ̀dì kan tó lè pè ní tirẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un ni dígí tí a fi ń wojú.

Ẹ bá mi wò ó. Bí wọ́n bá gba ìkòkò wàrà lọ́wọ́ alágbo bọ́tà, kí ló kù tó máa fi san gbèsè? Kí ló máa fi bọ́ ọmọ mẹ́rin? Gbèsè tí kì í ṣe òun ló jẹ ẹ́, wọ́n gba ohun tó lè fi san án lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Mary fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé bó bá jẹ́ pé òun lòun kú, tó jẹ́ ọkọ òun ló kù, kò sẹ́ni tó máa wá tú ilé wọn ká. Ọkọ á máa bá oko rẹ̀ lọ, wọn á kàn wá bá a kẹ́dùn ni.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé ìtàn Amẹ́ríkà àtijọ́ nìyẹn. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wà, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ó mọ ara rẹ̀. Owó tó yá nínú ẹgbẹ́ yìí ló fi ra firísà tó fi ń ta ẹja. Ọjọ́ kẹjọ tí ọkọ rẹ̀ kú ni wọ́n wá gbé firísà náà, wọ́n ní inú ilé ọmọ àwọn ló wà. Risíìtì rẹ̀ ńkọ́? Orúkọ ọkọ ló wà lórí rẹ̀, torí ọkọ ló bá a lọ rà á. Oṣù mẹ́jọ ló fi san owó firísà tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn ìkòkò wàrà yìí nínú ìwé tí ọmọbìnrin mi mú wálé, obìnrin yẹn ló wá sí mi lọ́kàn, mo sì ti ìwé náà pa fún ìgbà díẹ̀.

Ìyá Mary gbé ọmọ rẹ̀ kékeré, ó padà sójú ọ̀nà, ó ń sọ̀rọ̀ jẹun. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1866, àwọn obìnrin tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin ṣe ìpàdé ńlá ní New York. Àwọn òyìnbó lóókọ lóókọ wà níbẹ̀, Elizabeth Cady Stanton, Susan B. Anthony, Lucretia Mott. Wọ́n ní kí Ìyá Mary sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ fún wọn pé tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn dúdú lòun gbájú mọ́, òun kò fi bẹ́ẹ̀ ro ti obìnrin. Ìgbà tí wọ́n kó ẹrù òun ni ojú òun là. Ó wá ka ohun tí wọ́n kó fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìkòkò, ọpọ́n, bẹ́ẹ̀dì.

Ṣùgbọ́n kò fi ibẹ̀ mọ. Ó kọjú sí àwọn òyìnbó obìnrin tó jókòó síwájú rẹ̀, ó ní òun kò gbà pé bí wọ́n bá ti ń dìbò, ìṣòro gbogbo á tán. Ó ní àwọn náà kì í ṣe áńgẹ́lì, rere wà nínú wọn, búburú wà nínú wọn, èyí tí kò bìkítà náà wà. Ó ní ẹ̀tọ́ ni ẹ̀yin ń sọ, èmi ìwà tí wọ́n ń hù sí mi ni mò ń sọ, nítorí nínú ọkọ̀ èrò ní Philadelphia níbí, ẹ ń wò wá, wọ́n ń lé wa sọ̀ kalẹ̀, ẹ kò sì fọhùn. Kò rọrùn kéèyàn jẹ́ àlejò níbi ìpàdé kó sì sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sójú olùpè.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìjà dé láàrín wọn. Ìjọba fẹ́ fún àwọn ọkùnrin dúdú ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, obìnrin kò sí níbẹ̀, dúdú àti funfun. Stanton àti Anthony ní àwọn kò gbà. Frederick Douglass gbà. Ìyá Mary bá Douglass dúró. Ó ní bó bá jẹ́ pé ó di dandan kí ọ̀kan ṣáájú, kí ti àwọn dúdú ṣáájú. Òfin náà wọlé ní 1870. N kò mọ̀ bóyá èmi ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí òfin ti kó ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀, tó tún ní kí ọkùnrin máa lọ ṣáájú! Ṣùgbọ́n àsìkò tí wọ́n ń pa àwọn dúdú nípakúpa ní gúúsù ni, òun sì wà ní gúúsù náà, ó ń fojú ara rẹ̀ rí i.

Nítorí láti 1867 títí di 1871, kété tí ogun abẹ́lé parí tí wọ́n tú àwọn ẹrú sílẹ̀, gúúsù ló ń lọ káàkiri, South Carolina, Georgia, Alabama. Kò sí ẹgbẹ́ tó gbé ẹrù ìrìn àjò náà fún un, owó tó bá rí lójú ọ̀nà ló ń ná. Ó ń sùn nínú ahéré àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú, yàrá tó jẹ́ pé ihò méjì lára ògiri ni fèrèsé. Ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ra ilẹ̀, kí wọ́n ránmọ lọ síléèwé. Ó tún ní ìpàdé tí kò sí ọkùnrin níbẹ̀, òun àti àwọn obìnrin nìkan, lórí ọ̀rọ̀ ilé àti ọkọ tó ń na ìyàwó. Ìpàdé yẹn, kì í gba kọ́bọ̀.

Àwọn ibòmíràn, àwọn òyìnbó gbọ́ ọ, ó dùn mọ́ wọn, wọn kò sì gbà pé obìnrin dúdú ló lè sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ọkùnrin ni. Àwọn kan ní kì í ṣe dúdú, ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Ó kọ ọ́ sí Still, ẹ̀rín ló fi rín.

Nígbà tó padà, ó kọ àkọsílẹ̀ nípa àwọn obìnrin tó rí. Èyí tó wù mí jù ni ti àwọn obìnrin méjì kan tí wọ́n dòwò pọ̀. Wọ́n háyà ilẹ̀ éékà 9 àti ẹṣin kan, wọ́n ń dá oko náà fún bí ọdún mẹ́wàá, wọn kò gba lébìrà kankan, àwọn fúnra wọn ló ń gbìn ín tí wọ́n sì ń kórè rẹ̀. Lọ́dọọdún wọ́n ń fi owó pa mọ́. Ẹ ò rí i pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lèyí, ẹlẹ́ni méjì.

Láti nǹkan bí 1870 ó fìdí kalẹ̀ sí Philadelphia pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ó ra ilé síbẹ̀, ní òpópónà Bainbridge, orúkọ ara rẹ̀ sì ni. Ilé náà ṣì wà, ìjọba Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di ilé ìtàn. Ní 1872 ó gbé ìwé ewì kan jáde tí ìyá àgbà kan, Àǹtí Chloe, ti ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Ẹrú ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún ló ní òun máa kọ́ bí a ṣe ń kàwé. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù, ó ra awò ojú, ó kàwé náà, ó sì tún kọ́ ahéré tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ojú yín ti dá fún kíláàsì àgbà tí ẹgbẹ́ ń ṣe, ẹ wo Àǹtí Chloe.

Ó bá àwọn obìnrin tó ń gbógun ti ọtí ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀ka àwọn dúdú. Ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà nínú ẹgbẹ́ náà, ó ń bá wọn fà á, nígbà tó yá wọ́n pa ipò rẹ̀ rẹ́. Ní 1892, nígbà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, ó gbé ìtàn àròsọ ńlá kan jáde, Iola Leroy. Olówó òyìnbó kan fẹ́ obìnrin dúdú tó ti dá sílẹ̀ lóko ẹrú, wọ́n bímọ. Bàbá náà kú. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan dìde, ó ní ìgbéyàwó yẹn kò bófin mu, ó kó ogún, ó sì dá ìyá àti ọmọ padà sóko ẹrú. Ẹni tó bá ti mọ̀ nípa ìkòkò wàrà á mọ ibi tí òǹkọ̀wé ti rí irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin inú ìtàn náà funfun tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè pe ara rẹ̀ ní òyìnbó, dókítà òyìnbó kan tilẹ̀ fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó kọ̀, ó ní ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn òun lòun ń lọ.

Ọdún 1893, ó sọ̀rọ̀ níbi àpérò àgbáyé àwọn obìnrin ní Chicago. Ọdún 1896, òun àti Harriet Tubman, Ida B. Wells àti Mary Church Terrell wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn obìnrin dúdú Amẹ́ríkà sílẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe igbá kejì ààrẹ. Mary ọmọ rẹ̀ kò lọ́kọ, ìyá rẹ̀ ló bá gbé tó sì bá ṣiṣẹ́. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ kú. Ìyẹn ló dùn ún jù nínú gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí, bí n kò bá tilẹ̀ kà á níbì kankan, ìyá ni mí.

Frances Ellen Watkins Harper kú ní Philadelphia ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1911, ó ti lé lẹ́ni ọdún 85. Ní 1858, nígbà tí òwò ẹrú ṣì wà, ó ti kọ ewì kan tó fi bẹ̀bẹ̀ pé ibi yòówù kí wọ́n sin òun sí, kí ó má ṣe jẹ́ ilẹ̀ tí ẹrú ti ń rìn kọjá lórí sàréè òun. Itẹ́ Eden nítòsí Philadelphia ni wọ́n sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mary. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1920, ni òfin Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí obìnrin máa dìbò.

Ìwé pélébé àkọ́kọ́ yẹn, Forest Leaves, ó sọnù. Ó lé ní àádọ́jọ ọdún tí ẹnikẹ́ni kò fi rí ẹyọ kan, àwọn ọ̀mọ̀wé ti gbà pé kò sí mọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan ló lọ béèrè rẹ̀ ní ibi ìkówèésí àwọn òpìtàn ní Baltimore, ní ìlú tí wọ́n bí ìyá náà sí gan-an. Ibẹ̀ ló wà láti ọjọ́ yìí. Ọdún 2015 ni ìròyìn náà jáde.